Èmi Ni Mo Yí Wáyà Fáànù Ọkọ̀ Tíṣà Padà

Ọwọ́ Afínjú kò ṣì. Mo fẹ́ kí ó jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa kà, ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ wa, nítorí bí ìwé mi bá sú yín lójú ọ̀nà, ẹ ó ti gbọ́ èyí tó ṣe kókó. Ó pé ọdún mọ́kànlá báyìí tí gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ní òpópónà wa ti ń sọ pé Afínjú rewáyà tó ń ṣe iná ọkọ̀ ló di wáyà fáànù ọkọ̀ Tíṣà sódì, tí ẹ́ńjìnnì fi hó, tí omi gbígbóná fi bó Afínjú fúnra rẹ̀ lápá àti lọ́rùn. Ẹ ti fi kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ yín. Ẹ ti fi ṣe àwàdà. Irọ́ ni. Èmi tí ẹ ń pè ní Ìyá Rédíétọ̀, èmi tí ẹ máa ń ní kí n gbàdúrà bí ìpàdé bá fẹ́ parí, èmi ni mo ṣe é, èmi náà ni mo sì jẹ́rìí pé òun ni. Mo ti ń gbé e mì láti ọjọ́ yìí, kò lọ sísàlẹ̀. N óò bì í síta báyìí, kí olúkúlùkù yín wo ohun tó wà nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ rédíétọ̀ ni ọkọ mi ń ṣe kí ó tó kú, òun ló sì kọ́ mi. Mo mọ bí a ṣe ń fi òjé dí ibi tó ń jò, mo mọ bí a ṣe ń tú orí rédíétọ̀ bàbà kí a lè fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ro inú ihò rẹ̀, mo sì lè fi ọwọ́ lásán mọ ibi tí omi kò ti kọjá. Nígbà tí ọkọ mi kú, ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gárééjì Ọ̀gá ló kù sí mi lọ́wọ́. Òun la fi ń jẹun, èmi àti ọmọ méjì. Afínjú ni àbúrò ọkọ mi. Mo bá a nílé ọkọ, nítorí náà bí mo tilẹ̀ fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ, "ẹ" ni mo ń sọ fún un, òun a sì máa pè mí ní "ìyàwó wa." Èmi ni mo sọ ọ́ ní Afínjú, nítorí n kò rí rewáyà mìíràn rí tó ń fi ọṣẹ fọ sukudíráfà rẹ̀, tí yóò sì sá a sóòrùn bí aṣọ ọmọ tuntun. Ìyẹn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí ọkọ mi wà láyé. Lẹ́yìn tó kú, kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi pé kí ni ọkùnrin tó ń fọ nǹkan tó báyìí ń fẹ́ nù kúrò.

Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Èmi mu oògùn náà jù. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú ni Afínjú wá bá mi, ó ní, "Ìyàwó wa, níbo ni ìwé ṣọ́ọ̀bù yìí wà? Onílé ní orúkọ òkú ò lè máa wà nínú ìwé òun." Mo ní ikán ti jẹ ẹ́. Abẹ́ ẹní mi ni ìwé náà wà bí mo ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ikán tìẹ mọ̀wé o." Àwàdà ló fi ṣe, ṣùgbọ́n ó gún mi, nítorí èmi gan-an kò mọ̀wé nígbà náà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù mi, mo ní ó ń wọn ilẹ̀. Bí òun àti Ọ̀gá bá ń sọ̀rọ̀ tí wọ́n dákẹ́ bí mo ṣe yọ, mo ní èmi ni wọ́n ń sọ. Bí ó bá ra búrẹ́dì fún àwọn ọmọ mi, mo ní ó fẹ́ fi búrẹ́dì gbà wọ́n lọ́wọ́ mi. Ẹ gbà mí, kí ni ọkùnrin náà ì bá ṣe tí n kò ní rí ejò nínú rẹ̀?

Ibẹ̀ la wà nígbà tí Tíṣà gbé ọkọ̀ bàbá rẹ̀ wá. Tíṣà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, obìnrin gíga kan tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé orí bẹ́ǹṣì ni gbogbo wa jókòó sí. Ọkọ̀ náà ju èmi fúnra mi lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ń dán, imú rẹ̀ gùn, iná iwájú rẹ̀ rí roboto bí ojú ẹni tí ẹ̀rù bà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú. Ọ̀gá, ẹni tó ni gárééjì, bá a wá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìgbàlódé kan, ó gbé e wọ̀ ọ́, ó sì jókòó dáadáa, àfi pé ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìka mẹ́ta péré ló lè kọjá láàárín imú ẹ́ńjìnnì àti rédíétọ̀. Níbo ni fáànù máa wà? Ọ̀rọ̀ wá dé. Fáànù ti tẹ́lẹ̀, èyí tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ń yí, kò lè gba àyè yẹn. Bí wọ́n bá fi tipá kì í bọ̀ ọ́, yóò gé rédíétọ̀ jẹ bí ẹni ń gé àgbàdo jẹ. Ọ̀nà méjì ló kù. Èkíní ni kí wọ́n yọ rédíétọ̀ bàbà náà dànù, kí wọ́n ra ti alumíníọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́ tí fáànù oníná méjì ti wà lẹ́yìn rẹ̀, tí yóò máa fa afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá. Èkejì ni kí wọ́n fi rédíétọ̀ bàbà sílẹ̀, kí wọ́n so fáànù oníná kan tó fẹ̀ mọ́ iwájú rẹ̀, kí ó máa ti afẹ́fẹ́ wọlé. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ti ẹ̀yìn ń fà, ti iwájú ń tì. Inú ìyàtọ̀ yẹn ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà.

Èmi ni mo tún rédíétọ̀ bàbà yẹn ṣe, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń fi òjé jó o. Alumíníọ̀mù kì í sì í gba òjé mi. Bí gbogbo ọkọ̀ bá di alumíníọ̀mù, kí ni n óò máa jókòó ṣe ní ṣọ́ọ̀bù? Àárọ̀ ọjọ́ kan ni Afínjú wọlé wá tòun ti okùn ìwọ̀n. Ó ní, "Ìyàwó wa, ṣé o lè jó alumíníọ̀mù?" Mo ní, "Ẹ fẹ́ fi ṣe kí ni?" Ó ní, "Mo kàn ń béèrè ni." Mo ní, "Ẹni tó kàn ń béèrè kì í mú okùn ìwọ̀n dání." Ó bú sẹ́rìn-ín. "O ti ń bínú! Sún díẹ̀ kí n wo bí rédíétọ̀ rẹ ṣe nípọn tó, àbí ìwọ gan-an ni kí n wọ̀n?" Àwọn ọkùnrin inú gárééjì rẹ́rìn-ín. Èmi kò rín. Ó wọn ohun tó fẹ́ wọ̀n, ó kọ nǹkan sí bébà, ó ká bébà sí àpò, ó bá Ọ̀gá àti Tíṣà wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tí ohùn Tíṣà ròkè: "Alumíníọ̀mù ni mo sọ!" N kò gbọ́ èyí tó kù. Mo ti gbọ́ èyí tó tó mi.

Nígbà tí ẹrù dé lọ́jọ́ kẹta, fáànù oníná kan ṣoṣo tó fẹ̀ ni mo rí, kò sí alumíníọ̀mù. Iwájú rédíétọ̀ mi ni Afínjú so ó mọ́. Ẹlòmíràn ì bá dúpẹ́. Èmi jókòó sórí àpótí mi, mo rò ó títí mo fi rí ibi tí wọ́n dẹ pàkúté sí. Mo ní, ẹ wò ó, fáànù tó ń tì kò lágbára tó èyí tó ń fà. Ọkọ̀ yóò gbóná. Bí ó bá gbóná, wọn yóò ní rédíétọ̀ ni kò dára, wọn yóò ní òjé obìnrin ni. Tíṣà yóò sọ ọ́ káàkiri, oníbàárà kan kò ní yà sọ́dọ̀ mi mọ́, Afínjú yóò sì wá fi ẹ̀rín gba ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí mo ṣe tò ó nìyẹn, ó sì tò. Ohun tí ń bani lẹ́rù nínú ìfura nìyẹn: kì í sí ibi tó ti ń jò.

Ọ̀sán ni mo ṣe é, ní gbangba. Afínjú parí iṣẹ́, ó tan ọkọ̀, ó pè mí. "Ìyàwó wa, wá wo nǹkan." Ó mú abala bébà kan, ó gbé e síwájú fáànù, fáànù gbà á mú ṣinṣin. Ó ní, "Ṣé o rí i? Ó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé. Rédíétọ̀ rẹ á máa tutù bí omi àmù." Mo ní, "Mo rí i." Ó pa ọkọ̀, ó wé téèpù pupa mọ́ ọ̀kan nínú wáyà fáànù méjèèjì, níbi tó ti kọjú sí wáyà pupa tó ń gbé iná bọ̀ láti bátìrì, ó ní kí ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn òun má baà ṣì í. Ó wá lọ fọwọ́. Ẹ mọ bí ó ṣe ń fọwọ́. Ọ̀gá wà lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kan lọ́hùn-ún, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Súkúrù méjì péré ni. Mo tú méjèèjì, mo pààrọ̀ wáyà, mo dè wọ́n padà. Téèpù pupa wá wà níbi tí kò yẹ kí ó wà, ẹnikẹ́ni tó bá wò ó yóò mọ̀ pé ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án. Ibí yìí ni n kò ti lè sọ pé èṣù ló tì mí, nítorí mo dúró, mo ronú. Mo tú téèpù náà, mo wé e mọ́ wáyà kejì, kí pupa lè kọjú sí pupa. Nígbà tí Afínjú padà dé, mo ti wà lórí àpótí mi, mò ń ha ìpẹtà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ọ̀gá tan ọkọ̀ náà. Afínjú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ wà lára géèjì tó ń wọn ìgbóná. Èmi nìkan ni mo dúró síwájú. Nígbà tí omi gbóná tó, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ooru sì fẹ́ jáde lù mí lójú dípò kí ó wọlé. Ọ̀gá pariwo, "Ìyá Rédíétọ̀, ṣé ó ń yí?" Mo ní, "Ó ń yí, Ọ̀gá." Ó ń yí lóòótọ́. Òwúrọ̀ tutù, ọkọ̀ wà lójú kan, géèjì kò kọjá àárín, wọ́n ní iṣẹ́ ti parí. Mo lè la ẹnu mi nígbà yẹn, kí gbogbo rẹ̀ di àwàdà. N kò là á. Mo fẹ́ kí ọkọ̀ gbóná díẹ̀ sí Tíṣà lọ́wọ́, kí wọ́n tú u, kí wọ́n bá iṣẹ́ Afínjú níbẹ̀ lódìlódì, kí ojú tì í. Díẹ̀ ni mo fẹ́. Bí ẹni pé ènìyàn lè wọn ibi.

Bí ọkọ̀ bá wà lójú kan, fáànù tó ń yí sódì lè tan ènìyàn jẹ, afẹ́fẹ́ ṣáà ń kọjá díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ń sáré, afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà á máa bọ̀ wọlé, fáànù á máa tì í jáde, àwọn méjèèjì á wa ara wọn mú bí oníjàkadì, rédíétọ̀ kò ní rí ti ẹnì kankan gbà. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e jáde lọ dán wò, Tíṣà ló wà á, Afínjú jókòó tì í. Tíṣà ló sọ èyí fún wa lẹ́yìn náà. Bí wọ́n ṣe ń gun òkè kan, géèjì gòkè. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká dúró." Afínjú tẹ́tí, ó ní, "Fáànù ń yí, mà. Géèjì ló ń parọ́. Èmi fúnra mi ni mo di wáyà yẹn." Wọ́n gun òkè náà tán kí èéfín tó yọ. Afínjú bọ́ sílẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tẹ orí ba láti wò ó, rọ́bà omi tó wà lókè sì bẹ́ mọ́ ọn. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló fi bo ojú. Òun ni kò jẹ́ kí ó fọ́jú.

Ọjọ́ méjìdínlógún ló lò ní ọsibítù. Ọjọ́ tó jáde, Ọ̀gá pe gbogbo wa jọ sídìí ọkọ̀ náà, ó tan fáànù, ó gbé bébà síwájú rẹ̀. Bébà fò lọ. Ọ̀gá ní, "Afínjú, wo téèpù rẹ. Ìwọ lo fi ọwọ́ ara rẹ sàmì sí wáyà tí kì í ṣe òun." Afínjú sún mọ́ ọn pẹ̀lú apá rẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì dì, ó wo téèpù náà pẹ́. Ó ní, "Kì í ṣe bí mo ṣe dì í nìyí. Mo dán an wò. Ìyàwó wa wà níbẹ̀, mo fi bébà hàn án. Ìyàwó wa, sọ fún wọn." Ọ̀gá kọjú sí mi. "Ìyá Rédíétọ̀, ṣé ẹ rí bébà?" Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ ẹ rántí ìdáhùn mi. Mo ní, "Mi ò rí bébà kankan." Ọ̀gá ní, "Ṣé ẹlòmíì fọwọ́ kan wáyà yẹn?" Mo ní, "Àbúrò ọkọ mi nìkan ni mo rí níbẹ̀." Mo tún fi ẹkún sí i. Ẹ ti ń gbọ́ báyìí: ọkùnrin tí mo jó lápá fi mí ṣe ẹlẹ́rìí, mo sì jẹ́rìí pa á. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, kò sí èyí tó tó èyí.

Mo retí kí ó bú mi. Kò bú mi. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó wá sílé, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ìyàwó wa, mo mọ̀ pé o ò lè purọ́ mọ́ mi. Tó o bá ní o ò rí i, á jẹ́ pé mo rò pé mo ṣe é ni. Orí mi ń ṣe mí bákan." Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó di ẹni tó ń ṣọ́ géètì ilé ẹrù kan, wọ́n sì sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀mẹrin ló máa ń padà lọ fa àgádágodo kan náà wò kí ó tó lè jókòó. Mo fi ìfura jẹ ẹ́ tán, mo wá kó èyí tó ṣẹ́kù fún un kí ó máa fi jẹ ara rẹ̀.

Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni Tíṣà ṣí kíláàsì fún àwa àgbà tí kò kàwé, ní yàrá ìjókòó rẹ̀. Mo lọ, nítorí ó ti sú mi láti máa gbé ìwé fún ẹlòmíràn kà kí n sì máa wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń parọ́. Ní ọjọ́ kan ó ní kí olúkúlùkù kọ orúkọ ohun tó fi ń ṣiṣẹ́. Mo kọ rédíétọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé ẹ mọ̀ pé àbúrò ọkọ yín ló gba rédíétọ̀ yín sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn? Alumíníọ̀mù ni èmi àti Ọ̀gá fẹnu kò sí. Ó ní rárá, ó fi ìwọ̀n hàn wá, ó ní tá a bá so fáànù mọ́ iwájú, àyè á gba ti ìyàwó wọn. Ó ní ká má sọ fún yín, kẹ́ ẹ má baà rò pé àánú yín ló ń ṣe òun." Mo bi Ọ̀gá, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, àti pé nítorí kí onílé lè kọ orúkọ mi sínú ìwé ṣọ́ọ̀bù ni Afínjú ṣe ń wá ìwé náà. Mo gbọ́ gbogbo èyí, mo lọ sílé, mo dákẹ́ fún ohun tó lé lọ́dún márùn-ún sí i. Ẹni tó bá ní àìmọ̀ ló pa mí, kí ó ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ohun tó là mí lẹ́nu ni ọmọ Afínjú obìnrin. Ó ti pé ogún ọdún, ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ rewáyà lọ́dọ̀ Ọ̀gá, bàbá rẹ̀ sì kọ̀ jálẹ̀. Ó wá kúnlẹ̀ níwájú mi. "Màmá, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ni mo gbé wáyé, pé ọwọ́ tí ò dá ara ẹ̀ lójú ò gbọdọ̀ sún mọ́ iná. Tiyín ni wọ́n máa gbọ́." Báwo ni mo ṣe fẹ́ bá a bẹ̀ ẹ́? Ẹ̀bẹ̀ wo ni n óò bẹ̀ tí kò ní jẹ́ irọ́ mìíràn? Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni mo lọ bá Afínjú, mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́. Ó ní, "Tún un sọ." Mo tún un sọ. Ó ní, "Súkúrù wo lo kọ́kọ́ tú?" Mo ní ti òsì. "Téèpù ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀melòó lo wé e?" Mo ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó dìde dúró. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń wé e," ó ní. "Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni. Mo rí i lọ́jọ́ yẹn pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Mo fẹ́ sọ ọ́, o wá ní o ò rí bébà. Mo rò pé mo ti ń ya wèrè." Ó ń wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó ń yí i síwá sẹ́yìn. Mo ní kí ó dárí jì mí. Ó ní, "Mi ò tíì mọ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bínú ná. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi bínú sí ara mi, mi ò tíì bínú sí ẹlòmíì rí." Bí mo ṣe fẹ́ jáde, ó ní, "Etí tó gbọ́ irọ́ yẹn pọ̀. O ti mọ̀wé kọ báyìí. Kọ ọ́, kí wọ́n kà á ní ìpàdé ẹgbẹ́."

Mo ti kọ ọ́. Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máà fo ibì kankan bí ẹ bá ń kà á. Tíṣà, owó yín ló ra ẹ́ńjìnnì tó run, ẹ̀yin náà lẹ sì kọ́ mi ní lẹ́tà tí mo fi ń kọ èyí. N kò mọ ojú tí n óò fi wò yín. Ẹ̀yin ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, bí ọkàn yín bá ń sọ fún yín pé ẹnì kan ń dẹ pàkúté fún yín, ẹ lọ bá onítọ̀hún ní ọ̀sán gangan, kí ẹ bi í léèrè. Ó lè bínú sí yín. Ìbínú rẹ̀ kò ní bó ẹnikẹ́ni lára. Èmi kò béèrè, nítorí mo rò pé mo ti mọ ìdáhùn. Ní tèmi, ẹ lè yọ mí nínú ẹgbẹ́, ẹ lè gba kọ́kọ́rọ́ àpótí ẹgbẹ́ lọ́wọ́ mi, n kò ní jiyàn. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo bẹ̀. Bí ẹ bá pàdé Afínjú lójú ọ̀nà, ẹ má fi tèmi dá a dúró, ẹ má sì kí i kú àfaradà. Ẹ ṣáà bi í bóyá ó ráyè wo wáyà ọkọ̀ yín.